Orúkọ Tí Sà Osbert Pè

Láyé ìgbà náà ní Marlby, a kì í dìbò ní ìkọ̀kọ̀. Olùdìbò á gun pèpéle onípákó tí wọ́n kàn síwájú ilé ọjà, á pe orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbogbo ayé á sì gbọ́. Onílé tó ń gbà á sílé náà á gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Sà Osbert Fenwold la fẹ́. Fenwold onílẹ̀ rẹpẹtẹ, abinú-fùfù, ẹni tí í sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin kó tó kí opó. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ti pápá ńlá ẹ̀yìn ìlú lọ, níbi tí màlúù tálákà ti ń jẹko. Ọlọ́lá Strake, tó ni ìdajì Marlby, fẹ́ fi ọgbà yí i ká kó di tirẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀, Lucian, ló fẹ́ rán lọ ṣe òfin tó máa sọ pápá náà di ti òun Strake. Sà Osbert ti búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú òun.

Àmọ́ àwọn ọlọ́lá ní àṣà kan: ẹni tó ń du ipò kì í pe orúkọ ara rẹ̀. Ti alátakò rẹ̀ ló máa ń pè, tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ayé lè mọ̀ pé ọmọlúàbí ni. Lucian ti pe Sà Osbert láàárọ̀, nígbà tó rò pé òun ti wọlé tán. Sà Osbert náà ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pé òun á ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìbò kan ṣoṣo ni Lucian fi ń ṣíwájú. Enoch Tadlow, tó ń rán gàárì ẹṣin, gun pèpéle. Ilé Ọlọ́lá Strake ló ń gbé. Ìríjú ọlọ́lá wà nísàlẹ̀, ó ní kó rántí òrùlé tó wà lórí ìyàwó rẹ̀. Enoch ní òun rántí màlúù ìyàwó òun pẹ̀lú.

"Fenwold," ló wí, ketekete.

Ìríjú ò pariwo. "Ẹrù rẹ á wà níta lọ́la, Tadlow."

"Ẹ rọra gbé àga mi o, ọ̀gá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ìbò ti dọ́gba, Sà Osbert nìkan ló kù tí kò tíì dìbò.

Ó gòkè, ó ṣí fìlà. Lucian tẹrí ba fún un bí ẹni tó ń dúró gba ẹ̀bùn. Sà Osbert wò ó, ó wo Enoch. Mo gbàdúrà sínú: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí àpọ́nlé àwọn ọlọ́lá pa wá.

Akọ̀wé ìbò bi í pé ta ló fẹ́.

"Osbert Fenwold."

Ojú Lucian pọ́n.

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, Sà Osbert."

"Mo bọ̀ ọ́, mo sì ti dalẹ̀. Lọ sọ fún gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí pàdánù ilé nítorí mi, o wá fẹ́ kí n fi pápá rẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ?"

Àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i níbẹ̀. Títí ó fi kú, kò sẹ́nìkan nínú wọn tó pè é wá jẹun mọ́. Kò sì bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n màlúù wa ń jẹko.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, Enoch dúró dè é nídìí àtẹ̀gùn, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Sà, ilé kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ tí ẹ ti ń lọ ọkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi máa gbébẹ̀."