Áyọ́ọ̀nù tí Tíṣà Ní Òun Ti Pa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn áyọ́ọ̀nù kan tó kú lójú ọlọ́gbọ́n, tó sì ń mí lábẹ́lẹ̀.

"Mo ti pa á! Fọwọ́ kàn án!" Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, fóònù lọ́wọ́.

Aránṣọ ni ìyàwó. Wáyà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti bó, bàbà inú rẹ̀ ń yọjú, ó fẹ́ fi téèpù wé e. Ì bá kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n torí pé ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù náà sórí ṣòkòtò oníbàárà lẹ́ẹ̀kan, Tíṣà ti gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dànù níjẹta, ó so wáyà mọ́ àpótí kan lára ògiri. Kọ̀ǹpútà kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló wà nínú rẹ̀. Bí Tíṣà bá tẹ fóònù, kọ̀ǹpútà á ní kí suìṣì inú àpótí tan áyọ́ọ̀nù, tàbí kó pa á.

Láti ìjẹta ni ara ti ń fu aránṣọ. Áyọ́ọ̀nù tutù lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ejò tó bá ká sílẹ̀ kọ́ ló ti kú.

"Bàbá wọn, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná."

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo fẹ́ wé téèpù ni?"

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin, tó jókòó de aṣọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ẹni tó se ọbẹ̀ kì í sá fún títọ́ ọ wò o!"

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ iná ni baba tó bí i, ó sì máa ń wí pé wáyà kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti kú. Ó mú tẹ́sítà baba rẹ̀, irinṣẹ́ tó máa ń tàn bí iná bá wà lára wáyà, nínú dúrọ́ọ̀, ó fi ẹnu rẹ̀ kan bàbà náà. Iná pupa tàn yòò nínú tẹ́sítà.

"Mo mà ti pa á," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó jáde lọ pa iná gbogbo ilé, ó padà wá tú àpótí.

"Wáyà tí iná ń gbà padà ni mo mú gba inú suìṣì. Èyí tó ń gbé iná wọlé ló yẹ kí n mú. Kò gbóná mọ́, àmọ́ iná ṣì wà lára rẹ̀."

"Ọwọ́ mi ni ì bá jẹ́rìí sí i."

Tíṣà tún wáyà so. "Ìyàwó mi, ṣé ọkàn ti balẹ̀ báyìí?"

"Kò balẹ̀. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì mi padà. Kọ̀ǹpútà yín lè máa tan án, kó máa pa á. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, èmi ni n ó fọwọ́ ara mi yọ ọ́ lára ògiri."

Tíṣà tẹ̀ ba, ó wá púlọ́ọ̀gì náà títí nínú àkísà abẹ́ tábìlì. Nígbà tó so ó tán, tó tan iná ilé padà, kò wo fóònù. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀: "Jọ̀ọ́, gbé tẹ́sítà yẹn fún mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Aṣọ rẹ̀ kò rí áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà. Bó ṣe rún ló ṣe wọ̀ ọ́ wá.