Ọjọ́ Ìbí Tó Kọjú sí Igi

Abẹ́rẹ́ irin náà ti fín orúkọ tán, ó ku ọjọ́ ìbí. Adégbọlá gbé apá ẹ̀rọ sókè, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ojú idẹ, àwọn ẹ̀rúnrún rẹ̀ sì fò kúrò. WÚRÀ ỌLÁFIMÍHÀN. Ó fi àtàǹpàkò kan àmì tó wà lábẹ́ Ọ náà wò. Àpótí lẹ́tà tó bá ẹ̀rọ yìí wá kò ní Ọ, kò ní Ẹ, kò ní Ṣ. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó fi ayùn wẹ́wẹ́ gé wọn jáde lára idẹ, láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, kò lo kọ̀ǹpútà. Apá méjì ló ní. Ẹni tó ń lò ó yóò máa fi apá kan tọ ojú lẹ́tà ńlá, apá kejì yóò sì máa fín irú lẹ́tà kan náà ní kékeré sára idẹ. Tí èèyàn bá fẹ́ kí lẹ́tà tún kéré sí i, kó sún ìdè àárín síwájú díẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni Adégbọlá ti fi ń fín orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ dókítà, àní orúkọ ajá, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ní River Road nílùú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ìdùnnú tó máa ń bá a nígbà tí apá méjèèjì bá jọ rìn kò tí ì dín kù. Idẹ ara pósí pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ti òní ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Fóònù dún. Yẹmí ni, akọ̀wé ìjọ Aládùúrà tí Wúrà ń lọ kó tó kú.

“Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Two o'clock ni àwọn ilé iṣẹ́ ìsìnkú ń bọ̀ wá gba idẹ yẹn o. Ọ̀la ni ìsìnkú.”

“Mo gbọ́.”

“Programme ti jáde. Seventy-three la kọ síbẹ̀. Ó ti kọjá àádọ́rin, ọpẹ́ la máa dá, a ò ní sunkún.”

“Màmá Àmọ̀kẹ́ pè mí ní àárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má fín ọjọ́ ìbí títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn.”

“Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Igba ni mo ti tẹ̀ jáde.”

Adégbọlá pa ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Longbridge.

Òkè bọ́ọ̀sì ló jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, ilé Wúrà ní Becontree ló ti máa ń jẹun. Ìyàwó tirẹ̀ ti kó lọ sí Manchester láti ọdún pípẹ́, kò sì bímọ fún un. Wúrà kò lọ́kọ, kò bímọ. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi ẹnu tọ́ka sí àbúrò rẹ̀: “Ọmọ tí mo tọ́ nìyẹn, ó sì tó mi.” Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta tó tẹ̀lé ikú rẹ̀, Adégbọlá ṣì wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó jókòó ní ilé ìdáná, ó wo sítóòfù, ó sì padà sílé láìjẹun. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Gbọ́lá mọ́.

Màmá Àmọ̀kẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ amúlémóoru, ó da ṣáàlì bo ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá wọn ni, láti ayé Kùmásì ní Gáná. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Adégbọlá dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, ilẹ̀ tutù. Kí lo ti fín síbẹ̀?”

“Orúkọ nìkan, mà.”

“Ó dáa. Mo rí ìwé ìsìn yẹn lórí fóònù ọmọ mi. Wúrà kì í ṣe ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Òun àti òmìnira Gáná ni wọ́n jọ dé.”

Adégbọlá rò pé ọjọ́ ogbó ló ń sọ̀rọ̀. “January kìíní, 1952, ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù wọn, mà.”

“Ṣé ìwọ gbàgbọ́ pé gbogbo ará ilé wa tó ní January kìíní nínú páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ yẹn náà ni ìyá wọn bí wọn?” Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Èmi wà níbẹ̀. Gbogbo Kùmásì ń jó. Agbẹ̀bí fẹ́ sá lọ wo àsíá tuntun, mo dì í láṣọ mú. Mo ní, ‘Àsíá á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.’ March kẹfà, 1957.”

Adégbọlá rántí kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gáná. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta lọ́dọọdún, Wúrà a ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín ní Barking, a sì jókòó jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní Gáná ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Adégbọlá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìlú tó lé wa jáde lẹ ń bá jẹ kẹ́ńkẹ́.

“Ta ló wá fi ọdún márùn-ún kún un?”

“Èmi ni.”

Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ kó tó máa bọ́rọ̀ lọ.

“Ní 1969, ìjọba mìíràn ti dé. Wọ́n ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá yín ti kú. Bàbá yín ní kí ẹ máa bá wa lọ, òun á ta ìṣó inú ṣọ́ọ̀bù tán, òun á tẹ̀lé yín.”

Adégbọlá mọ apá yẹn. Bàbá wọn kò dé.

“Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ nídìí lọ́ọ̀rì ní òun ò gba ọmọdé tí kò ní àgbà. Ọmọ mẹ́rin ti wà lábẹ́ orúkọ tèmi, ó ní kò ní sí ìkarùn-ún. Mo mú Wúrà lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ró ìró ìyá yín fún un, mo wé gèlè fún un, mo pọ̀n ọ́ sí i lẹ́yìn. Mo ní, ‘Tí wọ́n bá bi ọ́, ọmọ rẹ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́.’ Ó ní, ‘Mà, Gbọ́lá ti pé mẹ́rin. Ṣé mẹ́tàlá ni mo wà tí mo bí i?’ Mo ní akọ̀wé yẹn ò jọ ẹni tó mọ ìṣirò.”

“Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e.”

“Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi ò yí i padà nígbà tí a délé?”

“Ìwé wo ni ì bá fi yí i padà? Ìwé kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, iléèwé ní àwọn kì í gba ìyàwó ilé. Tó bá sì jẹ́wọ́ pé ọmọdé ni òun, ẹ̀gbọ́n bàbá yín á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kó ọ lọ sóko. Ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó ní kí n búra pé o ò ní gbọ́ títí òun á fi kú.” Ó fa ṣáàlì rẹ̀ sókè. “Mo ti ṣe é.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Kí lo máa wá fín?” ni ìyá náà bi í.

“Ohun tó bá ìwé mu ni wọ́n máa gbà, mà.”

“Èyí tí wọ́n máa gbà kọ́ ni mo béèrè.”

Nígbà tó padà dé River Road, Ethan ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n láti ilé iṣẹ́ ìsìnkú ni, ó ti ń bọ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ó kí i kú àdánù, ó sì jókòó lórí àpótí.

Adégbọlá bi í pé bí ọjọ́ ìbí ara idẹ bá yàtọ̀ sí ti ìwé ńkọ́.

“Wọn ò ní jẹ́ ká gbé pósí náà sọ̀kalẹ̀,” ni Ethan dáhùn. “Ẹnu ibojì ni wọ́n ti ń fi idẹ àti ìwé wé ara wọn. Wọ́n á ní ẹlòmíràn la gbé wá.”

“Fún mi ní ogún ìṣẹ́jú.”

Ó to nọ́ńbà sínú férémù ẹ̀rọ, ó di ìdè rẹ̀ mú, ó tanná sí i. Ó fín 1.1.1952, ó sì fín ọjọ́ tí Wúrà kú sí abẹ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ojú idẹ náà. Lẹ́yìn náà ó tú u, ó dojú rẹ̀ dé, ó tún un dè, ó sì tún nọ́ńbà tò.

Ethan na ọrùn wò ó. “Ojú yẹn ló máa lẹ̀ mọ́ igi. Kò sẹ́ni tó máa rí i.”

“Mo mọ̀.”

Ó fín 6.3.1957. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára. Ethan fi aṣọ funfun wé idẹ náà, ó bọ Adégbọlá lọ́wọ́, ó sì lọ.

Adégbọlá pa ẹ̀rọ. Gbogbo orí tábìlì tó ti ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rántí nǹkan kan. Nínú gbogbo ìrìnàjò náà, ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn rẹ̀: wọ́n dúró síbì kan ní ẹnubodè Tógò, ilẹ̀ ṣú, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn Wúrà, ẹ̀yìn náà sì ń gbọ̀n, kò dáwọ́ dúró. Láti ìgbà tó ti mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ló ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì àtijọ́ tí wọn kò bá pa lórí ìdúró a máa gbọn ọkọ̀ látòkè délẹ̀, á gbọn pákó, á gbọn ẹni tó jókòó lé e. Ó ti sọ ọ́ fún Wúrà rí, ní ọjọ́ Àìkú kan. Wúrà ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pe Màmá Àmọ̀kẹ́.

“Mà, lálẹ́ tí a sùn ní ẹnubodè Tógò, ṣé wọ́n fi ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ni?”

“Ẹ́ńjìnnì wo? Ó ti kú ní Akra. Lọ́ọ̀rì mìíràn ló fi okùn fà wá dé ibẹ̀, ọjọ́ méjì la sì fi jókòó sínú òkú ọkọ̀ yẹn. Kí ló dé tí o fi ń béèrè?”

“Kò sí, mà. Ẹ ṣeun.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Ọmọ ọdún méjìlá. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn páànù, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ síbi odò. Adégbọlá fa àga sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó.