Jẹnẹrétọ̀ Màmá Onílé

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti kó lọ sí Kánádà, jẹnẹrétọ̀ ló ń bá mi kó èèyàn jọ. Èmi nìkan ló ní i nínú ilé wa ní Súrùlérè. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́, àwọn ayálégbé mi á kó fóònù wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti ṣáàjì. Fóònù kì í tètè kún, nítorí náà wọ́n á jókòó. Máyọ̀kún á máa ròyìn ọ̀gá rẹ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, Àmínát á máa tú irun ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa á jọ máa bú àwọn tó mú iná lọ, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ò sí níbẹ̀. Èèyàn laṣọ mi. Àwọn aláriwo yìí ni mo dà bora.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba wa bá ìjọba òkèèrè kan tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Wọ́n á máa ra gáàsì wa, àwọn náà á gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sí àdúgbò díẹ̀, tiwa sì wà nínú rẹ̀. Débọ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá, ṣàlàyé títí. Mo bi í pé ṣé oòrùn tó ti ń pa wá látọjọ́ yìí náà ti di ẹ̀bùn òyìnbó? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí onílé ò bá gbà, àwọn ò ní gun òrùlé.

Gbogbo àwọn ayálégbé mi ń wo ẹnu mi. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n nítorí àìsí iná, yìnyín ni Àmínát fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀; ojú wo ni màá fi sọ pé mi ò gbà? Mo ní kí wọ́n gun òrùlé.

Látìgbà náà, iná kì í lọ mọ́, kálukú sì ń bẹ lábẹ́ fáànù rẹ̀. Wọ́n ń kí mi láàárọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú mi dùn fún wọn, àmọ́ àdáwà fẹ́ pa mí.

Nírọ̀lẹ́ àná, ó sú mi. Mo pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo to àga síta, mo fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ gba ilé kan. Àmínát sáré jáde, inú mi dùn bí ọmọdé.

"Mummy, ṣé iná yín ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní rárá, mo ní kó lọ gbé fóònù ẹ̀ wá.

Ó wo àwọn àga náà, ó wò mí. "Tèmi ti kún, Mummy."

Ó bá mi pa jẹnẹrétọ̀, ó tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí èéfín ṣe mí léṣe. Ó wá wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn, kó má baà dí mi lọ́wọ́.