Bọ́tìnnì Tó Ń Dá Ọ̀rọ̀ Padà

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ má tíì wo aago. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wa yìí gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lókè. Kò yà mí lẹ́nu. Mo fi àkàsọ̀ gùn ún, mo jókòó sídìí ojú kọ̀ǹpútà dúdú tí a máa ń kọ àṣẹ sí. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í kọ àṣẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì ọfà tó kọjú sókè, àṣẹ tí mo kọ kẹ́yìn á padà wá. Bí mo bá tún un tẹ̀, èyí tó ṣáájú rẹ̀ á yọjú. Mo tẹ Ẹ́ńtà, bọ́tìnnì tó ń mú àṣẹ ṣẹ, iṣẹ́ parí.

Ọ̀gá wa, Alàgbà Ọlátúbọ̀sún, wọlé. Kí wọ́n tó dé ìdí tábìlì mi, wọ́n ti di òbúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, nítorí irùngbọ̀n wọn ò ṣáà yí padà.

"Fágbèmí, yára," ni wọ́n wí, wọ́n ń jẹ fáìlì. "Tún iṣẹ́ àná ṣe."

Mo tẹ ọfà. Kì í ṣe àṣẹ, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ rí ló jáde: "Ẹ fún mi ní ṣíbí." Mo tẹ Ẹ́ńtà, ṣíbí já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tún tẹ ọfà: "Ẹ sún síwájú díẹ̀." Mo tẹ Ẹ́ńtà, ògiri sún síwájú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta: "Ìyá, ẹ má pè mí mọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, wọn ò sì pè mí láti ìgbà náà. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi ò fọ́, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń dúró dè mí. Bí mo bá wá tẹ Ẹ́ńtà, wọn ò ní pè mí mọ́ láéláé. Mo wá bọ́tìnnì tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ títí, gbogbo bọ́tìnnì ti di Ẹ́ńtà.

"Èmi kì í bi èèyàn pé ṣé ó dá a lójú," ni kíbọọ̀dù wí. "Ohun tí o bá ní kí n ṣe ni mò ń ṣe."

Òbúkọ fi ìwo ti ìgúnpá mi. "Tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ń dúró."

Ìka mi wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo jí. Fóònù wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo ṣí ibi tí orúkọ àwọn tí mo ti pè wà. Orúkọ ìyá mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ orúkọ gbogbo yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́.

"Àdìgún," ni ìyá mi fi oríkì pè mí, "ṣé iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní ó ti kúrò. Ìdí tí mo fi pẹ́ dé nìyẹn.