Wáyà Pupa Níbi Dúdú

Ìyá Tóbi, má tíì dìde, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí fún ọ kí n tó gbàgbé ẹ̀. O ṣáà mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe ní láàbù: a máa da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ife kan, omi tó mọ́ á wà nínú ìkejì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà láàárín wọn. Wáyà iná pupa á wà nínú ẹ̀jẹ̀, dúdú á wà nínú omi. Tá a bá ti tan iná, iná á fa oògùn inú ẹ̀jẹ̀ gba inú awọ kọjá sínú omi, ìdọ̀tí á kù sẹ́yìn.

Àfìgbà tí mo bá ara mi nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, èmi àti gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Awọ ọ̀hún rí bí èyí tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ tó ti tutù. Màdámù, ọ̀gá wa, yọjú sórí ife, ojú rẹ̀ fẹ̀ ju òrùlé lọ, ó tan iná. Àwọn yòókù ń kọjá, wọ́n ń bú mi lọ: "Ìdọ̀tí! Dúró síbẹ̀!" Èmi náà ki orí bọ awọ. Orí kọjá, ọrùn há, torí Màdámù ti pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì. Ara mi ń padà sẹ́yìn, orí mi wà nínú omi tó mọ́, àwọn tó ti kọjá ń fi ẹsẹ̀ tì í.

Mo kígbe, "Mà, ẹ ti ṣe àṣìṣe o! Wáyà pupa lẹ fi síbi dúdú! Ẹ̀yìn ló ń fà mí sí!"



"Mo mọ̀," ni Màdámù wí. Ó fi kún iná náà, ni mo bá jí.