Ẹ Má Jí I Kí N Tó Dé

"Ó gbóná."

Obìnrin náà kò tíì wo táyà, kò tíì wo ìjókòó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa kékeré náà, ó sì fi í síbẹ̀ bí ìyá tó ń yẹ ọmọ wò bóyá ibà ń ṣe é.

"Ó gbóná kẹ̀?" Emrys Gethin sún mọ́ ọn, òun náà fọwọ́ kàn án. Irin náà gbóná lóòótọ́.

Lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà, Ìyáàfin Peverell, bẹ̀ ẹ́ kó tó kúrò nílé rẹ̀ ní Bristol: "Ẹ má jí i kí n tó dé." Gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ló mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń purọ́. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nínú òtútù ló máa ń jẹ́wọ́ àìsàn rẹ̀. Emrys sì ti ṣèlérí. Láti ìgbà tó ti ń bá àwọn ènìyàn ta ọkọ̀ ní ìlú Llandeilo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń tà. Ọkọ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

"Inú òjò ni mo wà látàárọ̀," obìnrin náà wí. Kò pariwo. "Tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n jókòó sílé mi."

Irọ́ kékeré kan ti dé orí ahọ́n Emrys: mo kàn sún un síwájú díẹ̀ ni. Ta ni yóò mọ̀? Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Hefin Prosser ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ ohùn béèsì nílé ìsìn láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú. Ojú Hefin ti ń ṣú, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ó bẹ Emrys pé kó bá òun tà á fún ẹni tí yóò máa wà á. Àwọn tó ti wá ṣáájú fẹ́ gbé e pamọ́ bí àwo olówó iyebíye ni. Obìnrin yìí nìkan ló bèèrè bó ṣe ń yí kọ́nà.

Emrys gbé irọ́ náà mì.

"Ìyáàfin, èmi kọ́ ni mo ṣíná sí i. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣe é. Mi ò ní bá yín jiyàn ohun tí ọwọ́ yín kàn."

"Èmi ni."

Hefin ló yọ láti ẹ̀yìn ìsọ̀ Emrys, ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀.

"Hefin! Ṣebí mo ní kí o dúró sílé?"

"O ní kí n dúró sílé. O ò gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ mi."

"Ṣé o wà á ni? Pẹ̀lú ojú yẹn?"

"Níbo ni mo fẹ́ wà á lọ, ọ̀run? Mo kàn jókòó sínú rẹ̀, mo jẹ́ kó máa kùn." Ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn obìnrin náà. "Ìyáàfin, ẹ má bá ọkùnrin yìí wí. Díákónì ni, kò mọ irọ́ pa. Ìdí nìyẹn tí kò fi lówó. Ọkọ̀ yìí máa ń wúkọ́ láàárọ̀. Á tu èéfín bí arúgbó tó ń fa páìpù. Tó bá gbóná tán, ara rẹ̀ á yá. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí ẹ bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ẹ ó padà."

"O fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó mi," Emrys wí.

"Mo mọ̀. Dákun, má bínú."

Inú fẹ́ bí Emrys, àmọ́ ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wá ibi tí òun dúró sí, àánú sì borí. Ó yíjú sí obìnrin náà. "Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ ò jẹ wá ní gbèsè kankan. Bí ẹ bá sì lè dúró, a ó jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ."

Obìnrin náà wo òjò lóde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Ṣé tíì wà?"

Tíì wà, búrẹ́dì eléso tí ìyàwó Emrys ṣe náà wà. Hefin sọ bí ọkọ̀ náà ṣe kú sórí òkè níjọ́ ìgbéyàwó òun, tí ìyàwó sì tì í tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn. Ó sọ ọ́ títí Emrys fi ní, "Nígbà tí o sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ìwọ lo tì í."

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, irin náà ti tutù bí òkúta odò. Ìyáàfin Peverell wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà kérora. Obìnrin náà tún yí i. Ọkọ̀ náà wúkọ́, ó gbọ̀n bí ajá tó bọ́ sómi, èéfín búlúù sì kún gbogbo ìsọ̀. Hefin di ojú rẹ̀.

Obìnrin náà dẹ etí sílẹ̀ pẹ́. "Mo ti gbọ́ èyí tó burú jùyí lọ," ó wí níkẹyìn. "Èyí ṣeé tún ṣe. Mo máa rà á. Bàbá, ẹ wọlé wá. Ẹ wá kọ́ mi bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀."

Hefin gba ọ̀tún, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí nílẹ̀ wọn, lọ bí ìṣe rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bá èjìká obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀pá tọ imú ọkọ̀ náà yí ká sí apá òsì, ó rọra jókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ táràrà lára ilẹ̀kùn, ó ń wá ohun tí yóò fi fà á mọ́ra. Ní gbogbo ọdún tó fi ni ọkọ̀ náà, kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yẹn rí.

Emrys bá a ti ilẹ̀kùn náà.