Bọ́dì Ọkọ̀ Àwọn Oníṣu Ọ̀kà

"Ìyá, ṣé ẹ̀gbẹ́ pákó náà lẹ tún fẹ́ jókòó sí?" Zacchaeus bi Àwẹ̀ró léèrè. "Irin ni ti lọ́rì yìí látòkè délẹ̀. Òyìnbó tó ń lò ó ń padà sílùú rẹ̀ ni. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán gbinrin."

Àwẹ̀ró ni olórí àwọn obìnrin oníṣu Ọ̀kà lọ́dún 1956 yìí, Zacchaeus sì ni awakọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà ló kó wọn jọ síwájú ilé Àwẹ̀ró. Ṣé lọ́rì àlòkù tí Zacchaeus rí l'Ékòó ni kí wọ́n rà ni, àbí kí wọ́n ra tuntun tí kò ní ju ẹ́ńjìnnì àti táyà, kí Ògúnwọlé, káfíńtà Ìkàrẹ́, wá kan bọ́dì sí i?

Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ni gbogbo wọn ń wò. Ògúnwọlé yìí kan náà ló kan bọ́dì ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ọ̀kà, pákó ẹ̀gbẹ́ já, Àwẹ̀ró sì bá iṣu ṣubú. Látìgbà náà ló ti ń tiro.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò," ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Ìkàrẹ́ lọ. Bí Ògúnwọlé ṣe rí i, ó ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Limota, ìyàwó rẹ̀, sáré gbé àpótí ìjókòó wá, ó sì bu omi.

"Dìde," ni Àwẹ̀ró wí. "Mi ò bá tìjà wá. Nígbà tí mo wà l'Épìnmì lọ́dọ̀ ẹni tó to eegun mi, o wá kí mi, mo lé ọ. O tún wá, mo tún lé ọ. Kí ló dé tí o ò fi jáwọ́?"

"Ìyá, ibo ni mo fẹ́ sá gbà? Àwọn tó ń gun ọkọ̀ tí mo kàn ló ń kọjá níwájú ilé mi lójoojúmọ́."

Ó mú un lọ wo bọ́dì tí ó ń kàn fún ará Ìkáràm kan. "Pákó tútù ni mo fi kan tiyín, ìṣó nìkan ló sì dì í mú. Ní báyìí, mo ń sá pákó sóòrùn kó gbẹ, alágbẹ̀dẹ sì ń bá mi rọ irin tó ń gbá a mú tinú tòde."

Àwẹ̀ró fi èjìká ti pákó náà. Ó tún fi gbogbo agbára tì í. Kò mì. Síbẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lójú ọ̀nà, ó ń ro ti ọkọ̀ onírin. Ta ló kàn án? Òkè wo ló ti gùn rí? Ṣé torí pé Òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀ nìkan ni ó ṣe ń tà á?

Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún ẹgbẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí Ògúnwọlé kàn án."

"Ìyá!" Zacchaeus fò dìde. "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi rìn dé ilé rẹ̀, Ògúnwọlé sì dá mi lóhùn. Bí irin àlòkù yẹn bá dá mọ́ wa lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ta ni ká lọ kàn?"

"Bí pákó bá tún já ńkọ́?" Ìyátúndé, àgbà inú wọn, béèrè.

Àwẹ̀ró dá a lóhùn pé, "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó kọ́kọ́ jókòó tì í, Ògúnwọlé á sì jókòó tì mí. Mo ti sọ fún un kí n tó kúrò níbẹ̀."

Zacchaeus fajú ro. Síbẹ̀, òun náà ló lọ mú ọkọ̀ tuntun wá láti Èkó. Lórí àpótí ló jókòó wà á, kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀kùn, eruku sì ti kùn ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin rí i, ẹ̀rín pa wọ́n. Òun náà fẹ́ bínú, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìyátúndé yí ẹ́ńjìnnì àti táyà náà po. "Ìyókù dà?"

"Ó wà n'Íkàrẹ́," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ó ń yá oòrùn."